Aago Tòkunbọ̀ àti Ọkàn tí Ó Ń Ṣiyèméjì

Ibi kíkà: Jóṣúà 9:3–15, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 17:10–12
Ẹsẹ àkọ́sórí: 1 Tẹsalóníkà 5:21

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí, ojú wa ni ó ṣe. Kì í ṣe ìtàn tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. A ti bẹ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, wọ́n sì gbà wá láyè kí a sọ ọ́ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, kí ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fún gbogbo wa.

Ní ọdún 2018, alábòójútó àyíká wa ń múra láti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ Olúwa. Àwa obìnrin ìjọ pinnu pé a kò ní fún un ní aṣọ bí a ti máa ń ṣe. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé aago ọwọ́ rẹ̀ ti kú láti bí ọdún méjì, àti pé bí ó bá ń wàásù lọ́wọ́, ńṣe ni ó máa ń na ọrùn wo aago ara ògiri. Nítorí náà a dá owó aago. Àwọn kan mú ₦10,000 wá, àwọn kan mú ₦500. Opó kan mú ₦200 wá, ó sì ń tọrọ àforíjì nítorí kíkéré rẹ̀. Nígbà tí akápò ka gbogbo rẹ̀ tán, ó lé díẹ̀ ní ₦300,000.

Ọ̀kan nínú wa ń lọ sí Lọ́ńdọ́nù lọ tọ́jú ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. A kó owó náà lé e lọ́wọ́. Ó ra aago Omega kan níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Seamaster, lọ́wọ́ ẹnìkan tí ń ta ògbólógbòó aago. £600 ni ó rà á, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí ₦290,000 nígbà náà. Aago tòkunbọ̀ ni, kò sì fi bò fún wa. Ó ní owó tí a kó jọ kò lè ra tuntun.

Fún àwọn tí kò mọ̀, iṣẹ́ tí ó di Omega yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1848, nígbà tí Louis Brandt bẹ̀rẹ̀ sí í to aago ní ìlú La Chaux-de-Fonds ní orílẹ̀-èdè Switzerland. Ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ mú Seamaster jáde. Omega náà ni ó wà lọ́wọ́ Buzz Aldrin nígbà tí ó rìn lórí òṣùpá ní oṣù Keje ọdún 1969, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irú mìíràn, Speedmaster, ni tirẹ̀. Ẹ rí i pé ohun tí ó níyì ni. Ohun tí ó níyì ni àwọn èké sì máa ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò jí lóru tẹ ayédèrú náírà márùn-ún.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí a ṣe ìsìn ìdágbére nígbà tí a gbé aago náà yí ká ní ìpàdé ìgbìmọ̀. Arábìnrin kan gbé e sí etí, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, ayédèrú ni èyí o.” Ó ní ojúlówó kì í dún báyìí. Ó ní ó fúyẹ́ jù. Kò ní páálí, kò ní ìwé. Àmì ilé iṣẹ́ náà kò sí lórí ìdí kékeré tí a fi ń yí i, lẹ́tà ojú rẹ̀ kò sì gún régé. Gbogbo ilé dákẹ́. Arábìnrin tí ó lọ rà á ní òun kò mọ̀ nípa aago, ṣùgbọ́n £600 ni òun san, rìsíìtì tí wọ́n fi ọwọ́ kọ sì nìyí.

Ẹ̀yin ìyá, ẹyin lohùn; bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Kí ó tó di ọjọ́ Sunday, ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn akọrin. Kí ó tó di ọjọ́ ọjà, kì í ṣe aago ni wọ́n ń pè ní ayédèrú mọ́. Arábìnrin wa ni. Wọ́n ní ta ni ó rí i nígbà tí ó san £600? Wọ́n ní ṣebí ẹnikẹ́ni lè kọ rìsíìtì? Arábìnrin náà kò wá sí ìpàdé tí ó tẹ̀ lé e. Ó rán ọmọ rẹ̀ sí akápò pé òun yóò san gbogbo owó náà padà láti inú owó ìfẹ̀yìntì òun, díẹ̀díẹ̀.

Àwa tí a ń kọ̀wé yìí ńkọ́? A kò sọ ohunkóhun. A ti fi ọdún 34 jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a sì mọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe bí ọmọ kan bá fẹ̀sùn kan ọmọ kejì: a ó pe àwọn méjèèjì, a ó gbọ́ ti ọ̀tún, a ó gbọ́ ti òsì. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, a jókòó, a gbé ọwọ́ lé itan, a sì ń ṣe ìṣirò nínú ọkàn wa bóyá lóòótọ́ ni ó san £600. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ sì wọ́. Ìdákẹ́jẹ́ wa ni ìpín tiwa nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Ohun tí ó jí wa ni ibi tí a kà ní ìjókòó àdúrà ilé wa, ní Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 17. Àwọn ará Béróíà gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu Pọ́ọ̀lù. Wọn kò sọ pé irọ́ ni, wọn kò sì gbé e mì láìjẹ. Wọ́n gbà á tọkàntọkàn, wọ́n sì ń yẹ Ìwé Mímọ́ wò lójoojúmọ́ bóyá bẹ́ẹ̀ ni nǹkan náà rí. Ìwé Mímọ́ sì sọ fún wa pé àwọn obìnrin ọlọ́lá, tí wọn kò kéré níye, wà lára àwọn tí ó gbàgbọ́ níbẹ̀. A bi ara wa pé: ta ni ó tíì yẹ aago yìí wò?

Ní ọjọ́ kejì a mú arábìnrin tí ó ra aago náà àti arábìnrin tí ó ní ayédèrú ni, àwa mẹ́ta sì jọ lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá kan tí ń tún aago ṣe. Inú àpótí onígíláàsì létí títì ni bàbá náà ń jókòó, ó sì ti lé ní 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. A kò sọ ohun tí ẹnikẹ́ni wí fún un. A kàn ní kí ó bá wa wo aago wa.

Bàbá náà kò yára sọ̀rọ̀. Ó fi aṣọ nu aago náà, ó fi awò kékeré há ojú, ó sì kọ́kọ́ wo gíláàsì rẹ̀. Ó pè wá kí a wá wò. Ní àárín gíláàsì náà gan-an ni àmì Omega kan wà, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Ó ní kí a wo ọwọ́ tí ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Kì í fò lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan bí ti aago oníbátìrì. Ó ń yọ́ lọ ni, nítorí pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń lù ju ìgbà márùn-ún lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ní dídún tí ó ń dún kì í ṣe ẹ̀bi. Ẹ̀rọ onírin tí kò lo bátìrì, dídún ni yóò dún. Ó sì tún ní kí a má fi ìyẹn nìkan ṣe ẹ̀rí, nítorí pé Omega fúnra rẹ̀ ti ṣe oníbátìrì, àwọn oníṣẹ́ ayédèrú náà sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ tí ń yọ́ lọ sínú tiwọn.

Lẹ́yìn èyí ni ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yin arábìnrin, ẹnu yà wá. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ pọ́n bí bàbà, ó mọ́ tónítóní, wọ́n sì fín orúkọ ilé iṣẹ́ náà àti nọ́ńbà rẹ̀ sí i lára, lẹ́tà kéékèèké tí ó gún régé. Inú ìdérí ẹ̀yìn náà ní àmì àti nọ́ńbà tirẹ̀. Bàbá náà ní ẹ̀rọ irú ti àwọn ọdún 1960 sí 1969 ni. Ó tún wá yí i padà sí ojú, ó ní kí a fi awò wo lẹ́tà rẹ̀. Lẹ́tà wọ̀nyẹn wú, etí wọn kò mọ́, bí ìgbà tí ọmọ kíláàsì kìíní bá fi gègé tí ń da yíǹkì kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó wà ní ìsàlẹ̀ níbi nọ́ńbà 6, tí ń sọ pé Switzerland ni wọ́n ti ṣe é, kò sí níbẹ̀ rárá.

Bàbá náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ìyá, aago yìí kì í ṣe ayédèrú. Kò sì rí bí ó ti jáde láti ilé iṣẹ́. Wọ́n ti tún ojú rẹ̀ kùn, wọ́n sì ti pààrọ̀ ìdí tí ẹ fi ń yí i. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀, ojúlówó ni. Owó tí ẹ san ti pọ̀ díẹ̀ jù.” A bi í pé èló ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí a máa lọ, kí a fi òun sínú àdúrà.

Àwọn obìnrin méjèèjì wo ara wọn. Ẹni tí ó ní ayédèrú ni ti rí òótọ́ nínú ohun tí ojú rẹ̀ rí: lẹ́tà kò gún lóòótọ́, àmì kò sí lórí ìdí rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ti fi ohun díẹ̀ tí ó mọ̀ ṣe ìdájọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó rà á kò jalè, kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n ó ra ohun tí kò mọ̀ láìmú ẹni tí ó mọ̀ dání. Arábìnrin wa kejì kúnlẹ̀ létí títì níbẹ̀, ó bẹ arábìnrin rẹ̀. Ní ọjọ́ Sunday, ó tún dìde níbi tí ọ̀rọ̀ ti tàn kálẹ̀, ó ní òun ṣì í. Àwa náà dìde lẹ́yìn rẹ̀, a tọrọ àforíjì nítorí ìdákẹ́jẹ́ wa.

Ó wá ku ìbéèrè kan: kí ni a ó ṣe sí aago náà? Àwọn kan ní kí a fún alábòójútó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bàbá kò ní ṣí i wò láéláé. Àwọn mìíràn ní a kò lè fi ojú tí wọ́n tún kùn dúró níwájú pẹpẹ kí a pè é ní ojú àtilẹ̀wá. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, ṣùgbọ́n ìkejì yìí ni ó borí. Nínú káàdì tí a fi sí i, a kọ ọ́ pé: Omega Seamaster, ti àwọn ọdún 1960 sí 1969, wọ́n ti tún ojú rẹ̀ kùn, wọ́n sì ti pààrọ̀ ìdí rẹ̀, ẹ̀rọ inú rẹ̀ ni ti àtilẹ̀wá. Nígbà tí alábòójútó ka káàdì náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun àti aago náà yóò mọwọ́ ara wọn, nítorí pé mẹ́ta nínú eyín òun kì í ṣe ti àtilẹ̀wá, awò sì ni òun fi ń ríran.

Kí ni Ẹ̀mí Mímọ́ fẹ́ kí a rí kọ́?

Èkínní: ṣíṣiyèméjì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bí a bá gbé e lọ sí ibi tí a ti lè yẹ̀ ẹ́ wò. Tọ́másì ṣiyèméjì fún ọjọ́ mẹ́jọ. Olúwa kò lé e jáde. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí i kí ó wò ó. Iyèméjì tí ó lè pa ìjọ ni èyí tí a ń gbé láti ẹnu dé ẹnu, tí a kò gbé dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó lè dá wa lóhùn.

Èkejì: ohun tí ojú rí lóde kò tó. Ẹ padà sí Jóṣúà orí 9. Àwọn ará Gíbíónì mú àpò gbígbó, bàtà tí wọ́n ti lẹ̀, àti àkàrà tí ó ti gbẹ tí ó sì ti bu, kí wọ́n lè dà bí ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá. Ogbó gan-an ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí! Àwọn ọkùnrin Ísírẹ́lì tọ́ oúnjẹ wọn wò, ó sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọn kò bèèrè lọ́wọ́ OLÚWA. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n tó gbọ́ pé aládùúgbò ni wọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni sùúrù ìbá ti gbà. Ṣùgbọ́n ẹ tún ṣàkíyèsí pé Jóṣúà kò torí ẹ̀tàn náà da májẹ̀mú tirẹ̀. Nígbà tí ọba márùn-ún gbógun ti Gíbíónì, ó dìde lọ gbà wọ́n. Èké ẹlòmíràn kò sọ wá di òmìnira láti di èké.

Ẹ̀kẹta: ẹ jẹ́ kí a yẹ nǹkan wò, kí a má ṣe fi ènìyàn rọ́pò nǹkan. Nikodémù bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá òfin máa ń dá ènìyàn lẹ́jọ́ láìkọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wa mọ ìyẹ̀wò dáadáa. Ní ìlú Bristol ní ọdún 1742 ni ètò kíláàsì bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń wá bí wọn yóò ṣe san gbèsè ilé ìsìn: kí olúkúlùkù máa mú pẹ́nì kan wá lọ́sẹ̀, kí olórí sì máa lọ gbà á nílé wọn. John Wesley wá rí i pé bí àwọn olórí ti ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń mọ bí ọkàn olúkúlùkù ti rí. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ owó ṣe di ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọkàn. Láàárín wa ní ọdún 2018, ọ̀rọ̀ owó fẹ́ di ọ̀rọ̀ ìparun ọkàn, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lọ kan ilẹ̀kùn arábìnrin wa.

Ẹ̀kẹrin: ẹ jẹ́ kí a sọ gbogbo òtítọ́ tí a mọ̀. Púpọ̀ nínú wa ń ta wúrà, aṣọ, fíríìjì tòkunbọ̀. Bí a bá ti pààrọ̀ ẹ̀yà kan, kí a sọ. Òwe orí 11 ẹsẹ 1 sọ fún wa irú ojú tí OLÚWA fi ń wo òṣùwọ̀n èké. Fún ẹ̀yin tí ẹ sì ń rà, ẹ gba ìmọ̀ràn tí a fi owó iyebíye kọ́: ẹ mú ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà dání, kí ó ṣí i kí ẹ tó sanwó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà aago náà sínú rìsíìtì, àti pé ẹ lè dá a padà bí kò bá jẹ́ bí wọ́n ti wí. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé wíwúwo, dídán, tàbí páálí. Àwọn oníjìbìtì ń ṣe páálí àti ìwé pẹ̀lú. Ẹ má sì ṣe fi àmì kan ṣoṣo dá a láre tàbí dá a lẹ́bi.

Ẹ̀karùn-ún: àwa gan-an ńkọ́? Ojú ni ènìyàn ń wò, OLÚWA ń wo ọkàn. Òun ni ó ń ṣí ẹ̀yìn aago. Ẹlòmíràn wà nínú wa tí ojú rẹ̀ ń dán, tí gèlè rẹ̀ dúró, tí inú rẹ̀ kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ Ọlọ́run. Ẹlòmíràn wà tí ayé ti fi ìyà tún ojú rẹ̀ kùn, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ayédèrú, ṣùgbọ́n orúkọ Ẹni tí ó dá a ṣì wà ní fínfín sí i nínú. Ẹ jẹ́ kí a rọra ṣe sí ara wa.

A kò ní parí rẹ̀ bí ẹni pé gbogbo nǹkan ti bọ̀ sípò. Arábìnrin wa padà sí ìpàdé lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Ó ń bá wa kọrin, ó ń bá wa jẹun. Ṣùgbọ́n títí di òní, kò gbà kí a kó owó ẹgbẹ́ lé òun lọ́wọ́ mọ́. Aago ni bàbá atún-aago-ṣe lè ṣí, kí ó sì dé e padà ní wákàtí kan. Ọkàn ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò
1. Ta ni a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀ láìpẹ́ yìí, tí a kò tíì lọ bá láti bi í?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìyẹ̀wò àwọn ará Béróíà àti ìfura tiwa?
3. Bí a bá wà ní ìpàdé náà, a ó ha fún alábòójútó ní aago náà láìsọ̀rọ̀? Nítorí kí ni?

Àdúrà
Olúwa Ọlọ́run wa, ìwọ tí o mọ inú àti òde wa, dárí jì wá nígbà tí a yára sọ̀rọ̀, dárí jì wá pẹ̀lú nígbà tí a dákẹ́. Fún wa ní sùúrù láti yẹ ohun gbogbo wò, àti ìfẹ́ láti di ara wa mú nígbà tí a ń yẹ̀ ẹ́ wò. Wo àwọn arábìnrin wa tí ọ̀rọ̀ ẹnu wa ti pa lára sàn. Tún inú wa ṣe, kí a lè jẹ́ ojúlówó níwájú rẹ. Nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.